Kámẹ́rà rẹ tó: ibi tó yẹ kí owó àjọ lọ fún ẹni tó fẹ́ máa ta fọ́tò láti Àbújá

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kubwa ni mò ń gbé. Nikon D5300 ni mo ní, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá. Ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni mo máa ń yà lópin ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ máa ta fọ́tò stock lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn fọ́tò tí a ń kó sí ilé iṣẹ́ tó ń bá wa tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni wọ́n dá padà. Wọ́n ní àmì ilé iṣẹ́ hàn nínú òmíràn, òmíràn kò ní ìwé àṣẹ ẹni tí mo yà, òmíràn kò mú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kámẹ́rà mi ló ti gbó, pé full-frame, kámẹ́rà tí sẹ́nsọ̀ rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ, ni wọ́n ń fẹ́. Àjọ mi á bọ́ sí mi lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n fi rà á? Báwo ni ẹ sì ṣe ń tún fọ́tò ṣe kí ẹ tó fi ránṣẹ́?"

Àbúrò mi, fi owó àjọ yẹn sílẹ̀ ná. Ìdí mẹ́ta tí wọ́n kọ sí ọ yẹn, kò sí èyí tó kan ara kámẹ́rà níbẹ̀. Àmì ilé iṣẹ́, ojú rẹ ló yẹ kó ti rí i kó o tó tẹ kámẹ́rà. Ìwé àṣẹ, bírò àti ẹnu dídùn ló ń gbà á. Fọ́tò tí kò mú, ọwọ́ lẹ́ńsì àti ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Bó o bá ra full-frame lọ́la, ìdí kan náà ni wọn yóò tún fi dá a padà, owó á sì ti lọ.

D5300 rẹ ń ya fọ́tò megapixel 24, ìyẹn 6000 níbùú, 4000 lóòró. Megapixel 4 ni Adobe Stock àti Shutterstock, méjì nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá wa ta fọ́tò, ní kí fọ́tò má dín sí. Alamy, tó le díẹ̀ jù wọ́n lọ, ń fẹ́ nǹkan bí 6. Kò sí èyí tó ń béèrè full-frame nínú wọn. Òótọ́ ni pé 2013 ni kámẹ́rà náà jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi fọ́tò sínú ìwé ìléwọ́ báńkì tàbí ojú ewé NGO kò ní mọ ohun tó o fi yà á. Bí ojú fọ́tò bá mọ́, tó sì jẹ́ ohun tó ń wá, ó ti rà á nìyẹn.

Lẹ́ńsì ni kó o rà. Nikkor AF-S DX 35mm f/1.8G ni mo ní lọ́kàn, tòkunbọ̀ tó mọ́. Lẹ́ńsì 18-55 tó wà lọ́wọ́ rẹ kò burú, ṣùgbọ́n bó o bá fà á dé 35mm, ojú rẹ̀ kò lè là ju nǹkan bí f/4.5 lọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń là tó). Èyí tí mò ń wí yìí ń là dé f/1.8. Kì í ṣe pé kó o máa là á dé ìparí o. Ẹni tó ń yẹ fọ́tò wò fún wọn máa ń fẹ̀ ẹ́ dé 100%, bí ojú kan ẹni tó o yà bá mú tí èkejì ṣú bàìbàì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. f/2.8 ni wàá máa lò jù. Lẹ́ńsì tó bá lè là dé 1.8, tí wọ́n wá ṣẹ́ ẹ kù sí 2.8, níbẹ̀ ló ti ń mú ṣáṣá, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé níbẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ti 18-55 lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná kò sí, ìyàtọ̀ yẹn ni kò ní jẹ́ kó o gbé ISO, ìyẹn agbára tí kámẹ́rà fi ń fa ìmọ́lẹ̀, lọ sókè títí hóró-hóró á fi bo fọ́tò.

Bó o bá dé Banex ní Wuse 2, ṣọ́ra. Wọ́n lè gbé 50mm f/1.8D fún ọ pé owó rẹ̀ rọrùn jù. Lẹ́ńsì gidi ni, ṣùgbọ́n D5300 kò ní mọ́tò nínú tí yóò máa yí lẹ́ńsì D fún un, nítorí náà ọwọ́ ni wàá máa fi yí i kí fọ́tò tó mú. Wo ara lẹ́ńsì: bí kò bá kọ AF-S tàbí AF-P sí i, ìyẹn lẹ́ńsì tó ní mọ́tò tirẹ̀ nínú, dá a padà fún un. Lẹ́yìn náà, ṣí lẹ́ńsì lẹ́yìn àti níwájú, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ gba inú rẹ̀ kọjá. Bó o bá rí ohun tó dà bí òwú tín-tìn-tín tó ta ẹ̀ka, olú ló ti hù sí i nínú, má rà á ní iye yòówù kó jẹ́. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù nínú owó náà, ra hard disk kan, tripod tó dúró gírí, àti rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku. Pátákó funfun kan tó o lè gbé dání wúlò ju fíláàṣì lọ fún ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ kó o fọkàn sí jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọ́tò wa ti ń kú. Oòrùn Àbújá kì í ṣe oòrùn eré. Nínú oṣù kẹrin àti ní ìparí oṣù kẹjọ, orí wa gan-an ló ń gbà kọjá ní ọ̀sán. Bó o bá ya ènìyàn ní ìta lákòókò yẹn, abẹ́ ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, iwájú orí rẹ̀ á sì máa dán. Àárọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, àti láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni kó o máa fi ṣiṣẹ́ ìta. Bó bá di dandan lọ́sàn-án, wọ abẹ́ òrùlé, kí ẹni tó o fẹ́ yà dúró sẹ́nu ọ̀nà kó kọjú síta, kó o wá gbé pátákó funfun yẹn sísàlẹ̀ àyà rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ta padà sí i lójú. Abẹ́ igi máńgòrò dára fún ìtura, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ máa ń sọ àwọ̀ ènìyàn di àwọ̀ ewé nínú fọ́tò, àtúnṣe rẹ̀ sì máa ń gba àkókò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wá kù. Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n, ó sì fẹ́ kí gbogbo fọ́tò wà láàárín, kó má funfun, kó má dúdú. Alhaji kan wọ kaftan funfun, ó dúró níwájú ògiri funfun: kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú Alhaji á wá dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ìwọ ni kó o sọ fún un pé kó fi kún un. Tẹ bọ́tìnnì + àti - yẹn, gbé e lọ sí +0.7, nígbà míràn +1, kó o wá ṣí ìfihàn ibi tó funfun jù lójú kámẹ́rà, ibẹ̀ á máa ṣẹ́jú. Bí aṣọ bá ń ṣẹ́jú díẹ̀ ní etí, kò burú, RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe rárá, á gbà á padà. Bó bá ń ṣẹ́jú ní gbogbo àyà, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ya RAW nígbà gbogbo. Bó o bá wá délé, mo bẹ̀ ọ́, má bó àwọn ènìyàn wa láwọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń wá fọ́tò ọmọ Nàìjíríà, àwọ̀ wa gan-an ló ń wá, pẹ̀lú bó ṣe ń dán àti bí òjìji ṣe ń sùn lé e lórí. Mo máa ń rí fọ́tò dáadáa tí ẹni tó tún un ṣe ti fa àwọ̀ náà títí ó fi di ti ẹlòmíràn, ó sì máa ń dùn mí.

Lásìkò ọyẹ́, ìmọ́lẹ̀ ìhín máa ń rọ̀ lọ́nà tí owó kò lè rà, torí eruku láti aṣálẹ̀ Sahara máa ń sẹ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n eruku kan náà ló ń wọ inú kámẹ́rà lọ bà sórí sẹ́nsọ̀, tí á wá di àmì roboto dúdú lójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò rẹ. Má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Wọ inú ọkọ̀, gbé gíláàsì sókè, pa AC, kọjú kámẹ́rà sílẹ̀, kó o tó ṣí i. Láti mọ̀ bóyá eruku ti wà níbẹ̀, ṣẹ́ lẹ́ńsì dé f/16, ya ojú ọ̀run, kó o fẹ̀ ẹ́ wò. Rọ́bà ni kó o fi fẹ́ ẹ. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ láé, itọ́ á ta sí i.

Wàyí o, jẹ́ ká mú fọ́tò kan ṣoṣo, ká tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní télọ̀ kan ni, ní Dutse Alhaji, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kó o tó gbé kámẹ́rà sójú, kí i ní Hausa pé ẹ kú iṣẹ́: "Sannu da aiki." Sọ ohun tó o wá ṣe. Lẹ́yìn náà, wo gbogbo ohun tó yí i ká. Wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ góòlù kọ Butterfly sí apá ẹ̀rọ náà. Pósítà ilé iṣẹ́ fóònù kan wà lára ògiri, kàlẹ́ńdà olóṣèlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aago ògiri náà ní orúkọ lójú. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní àmì ilé iṣẹ́, kò sì sí ìkankan tó lè bá fọ́tò ìpolówó lọ. Bá a yí kàlẹ́ńdà padà, bá a sọ aago kalẹ̀, kó ta aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ sórí apá ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó o fi ṣe èyí á gbà ọ́ lọ́wọ́ wákàtí lórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó o bá ń yà á, fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí oníbàárà máa kọ ọ̀rọ̀ sí. Ya ti ìdúró, ya ti ìbú. Sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan bó ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà lórí aṣọ. Fọ́tò ọwọ́ tí ojú kò hàn, tí kò sì sí ohun tí ènìyàn lè fi dá ẹni náà mọ̀, kò nílò ìwé àṣẹ, níbẹ̀ ni mo fẹ́ kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ra fún aṣọ tí òwú rẹ̀ wẹ́, bíi ṣáddà: D5300 kò ní asẹ́ tí kámẹ́rà àtijọ́ ní lójú sẹ́nsọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń mú, ṣùgbọ́n ìlà aláràbarà tí kò sí lára aṣọ lè yọ. Bó o bá rí i, sún mọ́ ọn sí i tàbí kó o sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ìwé àṣẹ yẹn, model release ni wọ́n ń pè é. Fọ́ọ̀mù Getty Images, ilé iṣẹ́ fọ́tò mìíràn, ni kó o tẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ló ń gbà á. Bí télọ̀ náà kò bá ka Gẹ̀ẹ́sì, wá ẹni tó gbọ́ Hausa dénú kó kà á fún un. Ẹ má sọ fún un pé "fọ́tò lásán ni." Sọ ọ́ ní tààrà: àwòrán rẹ lè wà lórí ìpolówó báńkì ní ìlú òyìnbó, ó lè wà lórí ìwé ìlera, kò sì sí ẹni tí yóò tún padà wá bi ọ́. Bó bá gbà, kó fọwọ́ sí i, kí ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí, má fi ara rẹ ṣe ẹlẹ́rìí. Fún un ní owó tí ẹ jọ fẹnu kò sí, kó o sì tẹ fọ́tò kan fún un kó gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá gbà, kí i pé ó dìgbà.

Ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ ló ń fọwọ́ sí i fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má ya àwọn ọmọ almajiri tà. Ọmọ tó gbé abọ́ dání, tí ìyá rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, ta ni yóò fọwọ́ sí i fún un? Ẹnikẹ́ni tó o bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó o fún ní bírò, irọ́ ni ìwé yẹn. Òyìnbó sì ti ní àwòrán ìṣẹ́ Àríwá tó pọ̀ jù lọ́wọ́. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni nọ́ọ̀sì tó wọ híjáábù nídìí iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú laptop ní Jabi, bàbá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń ka ìwé, ìdílé tó jókòó yí oúnjẹ ìṣínu ká. Àwọn ìwọ̀nyí ni kó o máa yà. Fọ́tò Ramadan, oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ni kó o ti fi ránṣẹ́, má sì gbàgbé pé ọdọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó kọjá lọ.

O ti délé báyìí. Kó fáìlì sí ibi méjì, kọ̀ǹpútà àti hard disk, kó o tó nu káàdì. Yíyàn ló le jù níbẹ̀. Fẹ̀ ẹ́ dé 100%, wo irun ìpéǹpéjú. Bí kò bá mú, pa á rẹ́, kò sí àtúnṣe tó lè gbà á là. Nínú èyí tó bá mú, mú ìwọ̀nba tí kò jọra, torí fọ́tò mẹ́wàá tó jẹ́ pé orí nìkan ló yí díẹ̀, wọn á dá a padà pé ó jọra jù.

Lightroom Classic ni mò ń lò láti tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Bí owó dọ́là oṣooṣù bá nira, darktable wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tó. Kọ́kọ́ wo iná kọ̀ǹpútà rẹ fúnra rẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ, laptop á ṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù láti tọ́jú bátìrì, ìwọ á sì máa gbé ìmọ́lẹ̀ fọ́tò sókè láìmọ̀. Dá ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ dúró sí ibì kan kó o tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ẹ̀rọ tún àbùkù lẹ́ńsì ṣe, kó o nu àwọ̀ pọ́pù tó máa ń yọ létí ewé àti etí páànù níbi tó kan ojú ọ̀run. Tún àwọ̀ funfun ṣe, lo aṣọ tàbí ògiri tó o mọ̀ pé funfun ni. Ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibi tó funfun jù. Ibi tó ṣókùnkùn, gbé e sókè díẹ̀ ni, bó o bá fà á jù, hóró-hóró á yọ síta. Má fi preset, àwọ̀ tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀, kankan sí i. Oníbàárà fẹ́ fọ́tò tó mọ́ tí òun fúnra rẹ̀ lè kùn bó ṣe wù ú.

Ìgbà yìí ni kó o wá rìn káàkiri fọ́tò náà ní 100%, láti igun òkè lápá òsì, ìlà dé ìlà, títí dé ìsàlẹ̀. Eruku sẹ́nsọ̀, orúkọ tó fara pamọ́ sára bọ́tìnnì, nọ́ńbà ọkọ̀ tó hàn láti ojú fèrèsé, níbẹ̀ ni wàá ti rí wọn. Clone àti Healing ni kó o fi pa wọ́n rẹ́. Má lo Generative Fill fún un, torí Shutterstock kì í gba ohun tí AI dá lọ́wọ́ wa, Adobe Stock sì ní kí a kọ ọ́ síta bó bá wà níbẹ̀. Mú un jáde ní JPEG, sRGB (ìlànà àwọ̀ tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń lò), quality tó ga jù, bó ṣe tóbi láti ilẹ̀. Má kọ orúkọ rẹ sí ojú rẹ̀.

Èyí tí wọ́n dá padà nítorí àmì, tún un ṣe báyìí kó o fi ránṣẹ́ padà. Èyí tí kò ní ìwé, bó o bá mọ ilé ẹni náà, lọ bá a. Èyí tí kò mú, gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ń wá fọ́tò ṣe pàtàkì bíi fọ́tò náà. Inú Lightroom ni kó o kọ wọ́n sí, kí gbogbo ilé iṣẹ́ lè kà á lẹ́ẹ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ni kó o lò. Adobe Stock ń gba 49, mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló wúwo jù. Shutterstock kò fẹ́ kó dín sí 7, kò sì gbọdọ̀ ju 50. Fún télọ̀ wa: tailor, sewing machine, Nigerian man, Abuja, small business, self employed, fabric, copy space. Kọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tó túmọ̀ sí. Má kọ "Hausa" bí o kò bá bi í léèrè.

Dọ́bà Kano, ayẹyẹ àwọn ẹlẹ́ṣin tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àṣà àjogúnbá ayé ní 2024, kòtò aró Kofar Mata, èrò ọjà Wuse: o kò lè gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo èrò. Editorial ni kó o fi wọ́n sí, ìyẹn fún ìròyìn àti ẹ̀kọ́, kì í ṣe ìpolówó. Níbẹ̀, o kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́. Shutterstock sì fẹ́ kí àkọlé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlú, orílẹ̀-èdè àti ọjọ́ tó o yà á. Bárékè, ibùdó ọlọ́pàá, ibi tí sọ́jà ti ń dá ọkọ̀ dúró, agbègbè Villa: má gbé kámẹ́rà síbẹ̀ rárá. Òfin Official Secrets Act ti 1962 kò fi ọ̀rọ̀ ibi tí ìjọba dáàbò bò ṣeré.

Owó ńkọ́? Adobe Stock ń fún wa ní 33%. Shutterstock ń bẹ̀rẹ̀ láti 15%, ó ń gòkè dé 40% bí títà rẹ bá ṣe ń pọ̀, ṣùgbọ́n ní January kọ̀ọ̀kan ló ń dá gbogbo ènìyàn padà sí ìsàlẹ̀. Títà kan lè jẹ́ sẹ́ǹtì 33, ní Shutterstock ó lè jẹ́ sẹ́ǹtì 10. Fọ́tò tó pọ̀, tó mọ́, tó ń tà lọ́pọ̀ ìgbà ló ń mú owó gidi wá, nítorí náà má fi iṣẹ́ ìgbéyàwó sílẹ̀. Adobe kì í san án títí yóò fi pé dọ́là 25. Ṣí Payoneer, àkáǹtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí owó náà á gbà wọlé, kí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti báńkì rẹ mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Kọ fọ́ọ̀mù W-8BEN, fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà tí wọ́n á gbé fún ọ. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà wọn á yọ 30% lórí èyí tí oníbàárà Amẹ́ríkà bá rà. Èyí tí àwọn ará ibòmíràn bá rà, wọn kì í yọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí fọ́ọ̀mù rẹ bá ti wà lọ́wọ́ wọn.